Fótò ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú hard disk: ṣé mo lè tà á ní dọ́là?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìsánlú, mo gé e kúrú díẹ̀: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ya fótò ní ìlú wa níbí, Canon kan àti lẹ́ńsì 50mm ni mo ní. Òde ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti pásípọ́ọ̀tù ni mò ń jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Abuja ní òun ń ta fótò lórí Shutterstock, dọ́là ló ń wọlé fún un. Fótò kọ́sítọ́mà tó wà nínú hard disk mi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ lọ síbẹ̀, kí n sì fi wàhálà òde sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Òkun o, àbúrò. Kí n tiẹ̀ tó dárúkọ dọ́là, má kó fótò yẹn lọ síbì kankan. Èmi náà ti ronú bíi tìẹ rí, mo ní fótò ìyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, gbogbo ẹ̀ kún inú kọ̀ǹpútà mi fọ́fọ́, mo ní ṣebí èmi ni mo yà á, èmi ni mo ra kámẹ́rà, èmi ni mò ń pàdánù oorun nítorí edit, ta ló wá fẹ́ dá mi lẹ́kun?

Ẹni tó lè dá ẹ lẹ́kun wà o. Copyright Act 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, gbà pé ẹni tó ya fótò ló ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ àfi tí ẹ bá jọ kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó pé kó o ya òun fún ìlò ilé òun, ó lè ní kó o má gbé e síta. Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, àwọn tó ń ta stock, ìyẹn fótò tí ẹnikẹ́ni lè rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe ìpolówó tàbí ìròyìn, gan-an ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Shutterstock o, Adobe Stock o, iStock o, gbogbo wọn ló máa béèrè model release, ìyẹn ìwé tí ẹni tó wà nínú fótò buwọ́ lù pé òun gbà kí wọ́n fi ojú òun ṣòwò. Ojú mẹ́wàá, ìwé mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ẹ̀ ló máa buwọ́ lù ú. Níbi ìgbéyàwó Mọ̀pà tí ojú ọgọ́rùn-ún wà nínú fótò kan ṣoṣo, tí ìyá ìyàwó ń jó tí òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀, ta lo fẹ́ máa lé kiri pẹ̀lú bírò?

Ohun tó yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ìyá àgbà kan ní Kàbà ló là á yé mi. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní kí n wá ya ìyá nítorí ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 85mm nígbà yẹn, inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún, mo ṣí lẹ́ńsì dé f/1.8, mo focus sí ojú ìyá, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ rí bàìbàì, gbogbo ìlà ojú ẹ̀ jáde ketekete. Mo gé e láti àyà sókè. Mo ní iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyá gbà á, ó wo ìsàlẹ̀ fótò náà títí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́, ó yí i padà wo ẹ̀yìn, ó tún yí i padà, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló gé òun sí méjì.

Ni a bá tún un yà. Àga onígi kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ nínú bàtà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, wọ́n tẹ́ aṣọ òkè ẹ̀ kó bo apá àga, ojú ẹ̀ dojú kọ lẹ́ńsì gbọnrangandan. Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń jókòó fún fótò nìyẹn, lọ wo èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ àgbàlagbà láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìyàrà, ìjókòó kan náà ni, bí ọba lórí ìtẹ́. Gbogbo ẹ̀ ti tò, mo wá ní, "Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún wa." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé mò ń tajà ni?"

Àbúrò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú stock, gbogbo èèyàn ló ń tajà. Dókítà tó ń rẹ́rìn-ín, àgbẹ̀ tó di fóònù mú, ọmọ yunifásítì tó gbé báàgì kọ́ èjìká, kò sí ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ wọn, ẹni tó fẹ́ ra fótò náà ń wá ojú tó máa bá ọjà tiẹ̀ lọ ni. Fótò ojú ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó ni ojú ló mọ bó ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ òun rí òun, tìẹ ni kó o bá a gbé e jáde, bó bá sì ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wàá fẹ̀yìn rìn títí ẹsẹ̀ á fi wọlé. Nígbà tí o bá wá kó ẹni tí ò tajà lọ sí ọjà láìsọ fún un, ìjà ló ń bọ̀ yẹn.

Èmi tí mo gba ìwé pàápàá, ìjà náà bá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, obìnrin, ló bá mi jókòó fún fótò stock lọ́jọ́ kan. Mo san owó díẹ̀ fún un, ó buwọ́ lùwé, àbúrò ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ohun gbogbo tò bó ṣe yẹ. Mo ní kó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kó fọwọ́ lé iwájú orí, kó dijú, bí ẹni tí orí ń fọ́. Ibà ni mo ní lọ́kàn. Fótò náà dára, mo sọ fún ẹ, ìmọ́lẹ̀ wíńdò yẹn bà lé èjìká ẹ̀ bí òróró. Ó tà díẹ̀díẹ̀. Ọdún kejì, àbúrò ọkọ ẹ̀ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbé e sókè ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ nípa àwọn obìnrin tí ò rọ́mọ bí. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ! Wọ́n pè mí sílé. Mo gbé obì dání, mo gbé páálí màlíìtì kan, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fẹ́ mú ìwé tó buwọ́ lù jáde, bàbá ẹ̀ kàn ṣáà wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo ewé tó já sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ wá béèrè èló ni wọ́n fún mi lórí ẹ̀. Mo ní dọ́là mẹ́rìnlá, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́ nínú pálọ̀ yẹn. Ó yá mi lára kí wọ́n bú mi ju ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ.

Mo yọ fótò náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ti rà á, o ò lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé mi, mo máa ń ka ìwé náà sí i létí ní èdè wa, torí òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo wá máa ń sọ èyí tó burú jù fún un: "Wọ́n lè fi ojú ẹ ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí o. O lè rí ara ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àìsàn tí o ò ní." Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ṣì buwọ́ lù ú, ẹni tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ lọ bi ọkọ òun, mo máa ń dúró. Fótò orí fífọ́ sì rèé, mi ò tún yà á mọ́, àfi tó bá jẹ́ orí tèmi.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rẹ́ ẹ ní Abuja ò purọ́, dọ́là ni lóòótọ́, àmọ́ bi í léèrè pé dọ́là mélòó. Ní Shutterstock, ìdá 15 nínú 100 owó tí wọ́n bá ta fótò ẹ lo máa fi bẹ̀rẹ̀, ó lè gun òkè dé 40 bí fótò ẹ bá ṣe ń tà sí, àmọ́ tó bá ti di January 1 wọ́n á dá gbogbo èèyàn padà sí ìsàlẹ̀. Tí ẹni tó ń san owó oṣooṣù bá rà á, sẹ́ǹtì 10 lo lè rí. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá o. Adobe Stock ń fúnni ní ìdá 33. Wọn ò sì ní sanwó fún ẹ títí á fi pé iye kan, 25 dọ́là ni ti Adobe. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, dọ́là 19 ni mo rí, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án, ó dúró síbẹ̀ bí ẹyẹ inú àgò, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Fótò ìyá àgbà yẹn nìkan pẹ̀lú férémù ẹ̀ mú owó wá jù ú lọ. Payoneer ni mo ń lò láti gba tèmi, wàá tún kọ ìwé owó orí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní W-8BEN, torí pé Nàìjíríà ò bá Amẹ́ríkà ní àdéhùn lórí owó orí, wọ́n á yọ ìdá 30 nínú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá rà.

Ìwọ ọmọ Yàgbà, o mọ oko. Òde ìgbéyàwó ni iṣu: o kọ ebè, o gbìn ín, o wà á lọ́dún yẹn, o jẹ ẹ́. Stock ni kaṣú. Kò sẹ́ni tó ń gbin kaṣú lónìí tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀ lọ́la, ó tó ọdún mẹ́ta kó tó máa so, àmọ́ tó bá ti ń so, ó ń so nígbà tí o bá ń sùn. Bàbá tó hú gbogbo iṣu ẹ̀ dànù torí ó gbọ́ pé kaṣú ń mówó wọlé, ebi á pa á kó tó di ọdún kejì. Nítorí náà má fi òde sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí kò sí òde, ìgbà yẹn ni kó o jáde lọ gbin kaṣú ẹ.

Kí ni wàá máa yà? Mo lè sọ ohun tó ta fún mi. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ tà. Ọwọ́ tó ń fọ́ ẹ̀gúsí, ọwọ́ tó ń ya kóró kaṣú kúrò lára èso ẹ̀, ọwọ́ arúgbó lórí ọwọ́ ọmọ ìkókó. Tí ojú ò bá hàn, tí kò sí àmì tí wọ́n fi lè dá ẹni náà mọ̀, wọn ò ní béèrè release, ìyẹn náà gbà ọ́ lọ́wọ́ ìjọ̀ngbọ̀n. Wo J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Edo tó kú ní 2014, láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan fótò irun nìkan, ẹ̀yìn orí sì ni púpọ̀ nínú wọn, o ò ní rí ojú ẹni kankan níbẹ̀, síbẹ̀ o mọ̀ pé èèyàn iyì lò ń wò.

Lẹ́yìn ọwọ́, iṣẹ́. Obìnrin tó ń ṣe POS, télọ̀ nídìí maṣíìnì, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, ẹni tó ń tún sólà ṣe lórí òrùlé. Fótò ọmọdé tí eṣinṣin bà lójú ti sú àwọn tó ń wá fótò Áfíríkà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Fi àyè sílẹ̀ lápá kan fótò náà kí wọ́n lè ríbi kọ ọ̀rọ̀ sí, èyí ni àwa onífótò òde kì í mọ̀, torí a ti mọ̀ pé kọ́sítọ́mà fẹ́ kí ojú òun kún gbogbo ibẹ̀. Ṣọ́ra fún àmì ilé-iṣẹ́ o. Mo ya ìyá oníṣu kan lọ́jà Kàbà, fótò tó wù mí jù lọ́dún yẹn, wọ́n dá a padà, torí agboòrùn tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ fóònù kan, orúkọ wọn gbòòrò níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà. Mi ò rí i rárá! Ọdọọdún ni mò ń rí agboòrùn yẹn lọ́jà, ojú mi ti mọ́ ọn. O lè fi irú ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí editorial, ìyẹn fún ìròyìn nìkan, wọn ò ní lè fi polówó ọjà. Keyword, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá fótò máa tẹ̀ kó tó rí tìẹ, èdè òyìnbó ni, má fi àádọ́ta kún un torí pé Shutterstock gbà ẹ́ láyè àádọ́ta, èyí tó bá fótò mu ni kó o kọ. Egúngún, má yà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú tó ni ín, kò sí àlàyé tí màá ṣe lórí ìyẹn.

O ò béèrè nípa ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n màá sọ, torí fótò tí o fi ṣe àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí mi, ojú ìyàwó yẹn ti di èédú. Ògiri funfun àti léèsì funfun ló fa èyí. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, ó gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, tí wọ́n bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́, ìdá 18 nínú 100 ni wọ́n ń pè é. Tí funfun bá pọ̀ níbẹ̀ á fa gbogbo ẹ̀ wálẹ̀, ojú adúláwọ̀ á sì ṣú. Tó bá jẹ́ ojú dúdú ló kún fótò tí ẹ̀yìn ẹ̀ náà dúdú, á tún gbé e sókè jù, ojú á funfun bí ẹni tó da páńdà dànù sójú. Nítorí náà ojú ni kó o wọn, má wọn aṣọ. Kódà nígbà fíìmù, káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ fótò láti fi wọn àwọ̀, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, ara wa ò sí nínú ìṣirò wọn. Lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù ṣe ni ariwo àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, pé àwọ̀ ọjà àwọn ò yọ dáadáa. Nítorí ṣokoléètì o!

Ara dúdú, dídán ẹ̀ ló gbé ẹwà ẹ̀ jáde, fíláàṣì kékeré á kàn fi àmì funfun sí iwájú orí. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ni kó o wá: ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, wíńdò, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun kan lápá kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ní ìgbà ọyẹ́, December sí January, erukuru tó ń pa lẹ́ńsì lára yẹn náà ló ń sẹ́ oòrùn bí asẹ́, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣì ń rọ̀ bí ìrọ̀lẹ́, mi ò kí ń jókòó sínú sítúdíò nígbà yẹn. Tí wọ́n bá sì gbé ẹ lọ sí Bùnú láti ya aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ọlọ́lá yẹn, wo histogram, àwòrán tí kámẹ́rà fi ń hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, èyí tó pín àwọ̀ sí mẹ́ta, torí pupa ló ń kọ́kọ́ kún àkúnya, o lè rò pé fótò ẹ dára, tó bá dé orí kọ̀ǹpútà aṣọ náà á ti di ọ̀dà pupa kan báyìí, òwú ò ní hàn mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tó jókòó sídìí òfì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìwọ wá sọ ọ́ di ọ̀dà.

Padà sórí hard disk ẹ. Owó wà níbẹ̀, ibi tí o ń wá a sí ni kò sí. Ìyá Kàbà yẹn kú ní ọdún kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ ìbí yẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀ pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́, fótò tó lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbàgàdà fún ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n tún tẹ ẹ̀dà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ méje, kí n má ka ti àwọn ọmọ ọmọ. Èyí tó gé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tìẹ yẹn, irú ẹ̀ á ti pọ̀ níbẹ̀, ìwọ nìkan lo sì ni ẹ̀dà wọn. Kọ orúkọ ìdílé àti ìlú àti ọdún sí fólídà kọ̀ọ̀kan kó o lè rí i lóru tí wọ́n bá pè ẹ́. Ra hard disk kejì lọ́sẹ̀ yìí, dà gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, kó o gbé e fún ìyá ẹ kó bá ẹ tọ́jú sínú àpótí aṣọ ẹ̀, má fi méjèèjì sínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo.